Omi Ni Ọ̀tá Ọ̀nà Oko Wa

Ohun tí a gbìn yóò so, a ó sì rí i kó wálé. Kíkó wálé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí lónìí.

Lọ́pọ̀ ìgbà, irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò ni a máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irè oko tí kò bá rí ọ̀nà dé ọjà, inú oko náà ni yóò bàjẹ́ sí. Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bá ti wà á, ìlà dúdú bí aró yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe gàrí kò ní fẹ́ rà á mọ́, bó bá sì fẹ́ rà á, iye tó bá wù ú ni yóò dá lé e. Ẹyìn ọ̀pẹ náà ńkọ́? Bó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tí a gé e ni epo rẹ̀ ń bàjẹ́ sí i. Ti tòmátò kò tilẹ̀ ṣeé sọ. Bí lọ́rì kò bá lè wọlé, a ó háyà ọ̀kadà tàbí kí a fi orí rù ú. Nígbà tí a bá sì fi máa ṣírò owó, èrè ọdún náà ti parí sójú ọ̀nà.

Nítorí náà, nígbà tí kànsù bá kéde pé iṣẹ́ ọ̀nà ń bọ̀ ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ lásán kí ẹ sì padà sóko. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó yẹ ká béèrè, ohun tó yẹ ká fi ojú wa rí, àti ohun tó kù sí ọwọ́ tiwa.

Ta ló ni ọ̀nà?

Oríṣi ọ̀nà mẹ́ta ló wà ní orílẹ̀-èdè yìí: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tó wọ abúlé àti oko wa, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka ṣíṣe ọ̀nà, títọ́jú ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Òfin kan náà ló ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kópa nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ kò tọrọ àánú nígbà tí ẹ bá lọ bá káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín lórí ọ̀nà oko. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yàn án sípò ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Àbújá dá a lẹ́jọ́ pé owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò àpapọ̀, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kó máa bọ́ sí tààrà. Ìdájọ́ yìí kò sọ pé ọ̀nà yín yóò di títì ọlọ́dà lọ́la. Ohun tó ṣe fún wa ni pé ó jẹ́ kí a mọ ẹni tí a ó bi léèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ sẹ́yìn

Àwọn àgbà inú wa kò tíì gbàgbé DFRRI, àjọ tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dá sílẹ̀ ní ọdún 1986 fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko. Katakata wọ igbó nígbà náà, wọ́n la ọ̀nà púpọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà wọ̀nyẹn ni igbó àti ọ̀gbàrá ti gbà padà. Wọ́n la ojú ọ̀nà, wọn kò la ojú omi. Wọ́n ṣí ọ̀nà, wọn kò yan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ètò RAMP dé, tí ipele rẹ̀ kejì kan Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú Adamawa, Enugu àti Niger, pẹ̀lú owó àyálò láti Báńkì Àgbáyé àti láti ọ̀dọ̀ àjọ ìdàgbàsókè ti ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 2020, Báńkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní RAAMP, tí Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Kwara wà lára àwọn tó wọ̀ ọ́. Ohun tó yẹ kí a fi ọkàn sí nínú ètò yìí ni pé wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọ̀nà ìgbèríko, kí ó sì ní àpò owó ọ̀tọ̀ fún ọ̀nà. Àwọn tó ń yá wa lówó ti rí i pé ọ̀nà tí kò ní olùtọ́jú, owó ìrànù ni.

Ohun tí omi ń ṣe

Ọ̀pọ̀ wa rò pé lọ́rì ló ń ba ọ̀nà oko jẹ́. Lọ́rì jẹ̀bi díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni olórí ọ̀tá. Ọ̀nà ilẹ̀ tó gbẹ lè gbé lọ́rì tó rù. Bí omi bá ti rin inú rẹ̀, ilẹ̀ náà á rọ̀, táyà á tẹ̀ ẹ́ wọlé, ipa táyà á di odò kékeré, òjò kejì á sì sọ ọ́ di kòtò. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣe ọ̀nà yín dáadáa, ibi tí omi yóò gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ máa wò.

Èkíní, ẹ̀yìn ọ̀nà. Ọ̀nà tó dára a máa rí bí ẹ̀yìn ahun: àárín rẹ̀ ga, etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀, kí omi lè ṣàn sí ọ̀tún àti sí òsì. Ọ̀nà tó rí bí àwo, omi yóò jókòó sínú rẹ̀. Lórí ọ̀nà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ogún ẹsẹ̀ bàtà, ó yẹ kí àárín fi bí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà ga ju etí lọ. Ẹ ta okùn láti etí kan dé èkejì kí ó dọ́gba gbọnrangandan. Ẹ ó fi ojú yín rí i bóyá àárín ga tàbí kò ga.

Èkejì, gọ́tà. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò gbọdọ̀ parí sí àìmọ̀bi. Ó yẹ kí a máa la ojú ìṣàn láti ibẹ̀ wọ inú igbó ní àyè sí àyè, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí omi má baà kó agbára jọ. Ẹ sọ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n má ṣe darí ojú ìṣàn náà sórí ebè ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ilẹ̀ gbà á láyè, ẹ fi hàn wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kọ́fátì, èyí ni páìpù ńlá tí a ń ri sábẹ́ ọ̀nà kí omi lè gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ibi tí omi ti ń gé ọ̀nà kọjá lákòókò òjò ló yẹ kó ní i. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ kò tó ínṣì 24, ewé àti igi ni yóò dí i, kò sì ní ṣeé kó. Ẹ wò ó bóyá wọ́n mọ ògiri sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Láìsí ògiri, omi yóò gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù, ọ̀nà á sì já.

Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀ tí wọ́n dà sí i. Ilẹ̀ pupa olókùúta, yangí, ni ó yẹ, kì í ṣe ilẹ̀ dúdú inú oko. Kí wọ́n dà á ní ìpele ìpele, bí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí róla tẹ̀ ẹ́ kí ó le kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Bí típà bá kàn da yangí sílẹ̀ tí gírédà tẹ́ ẹ lásán, òjò mẹ́ta péré ni yóò gbé e lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ni iṣẹ́ yìí dára jù. Ẹni tó bá da yangí sínú ẹrẹ̀ ní oṣù kẹfà, owó ló dà nù.

Ìbéèrè tí ẹgbẹ́ yóò mú lọ sí kànsù

Ẹ má ṣe lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín yan ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí obìnrin wà nínú wọn, nítorí àwọn ìyá wa ló ń ru ẹrù lọ sọ́jà jù. Kí akọ̀wé kọ lẹ́tà, kí ó fi ẹ̀dà kan pamọ́. Kí wọ́n béèrè pé: Láti ibo dé ibo ni ọ̀nà náà, kìlómítà mélòó sì ni? Kọ́fátì mélòó ló wà nínú iṣẹ́ náà, ibo ni wọn yóò sì ri wọ́n sí? Ta ni agbaṣẹ́ṣe, èló ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un? Oṣù wo ni yóò bẹ̀rẹ̀, oṣù wo ni yóò parí? Ta ni yóò máa tọ́jú ọ̀nà lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e lé ìlú lọ́wọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọ̀rọ̀ àṣírí ìjọba ni, ẹ fi pẹ̀lẹ́ rán an létí òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún wọn láti fèsì. Ní ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin náà dè. Ẹ má ṣe bá wọn jà, ẹ fi ìwé bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀nà yóò bá gba inú oko

Nígbà mìíràn, ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ mú gbòòrò yóò gba inú kòkó tàbí ọ̀pẹ ẹlòmíràn. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ó yẹ kí a san owó gbà-má-bínú fún irè oko àti ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sórí ilẹ̀ náà. Àmọ́ igi tí katakata ti wó lulẹ̀, ta ni yóò kà á? Kí wọ́n tó dé ni kí ẹ ka igi yín: kòkó mélòó, ọ̀pẹ mélòó, obì àti ọsàn mélòó, èyí tó ti ń so àti èyí tí kò tíì so. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn agbègbè yín wá wò ó. Ṣọ̀ọ́kọ́tọ́ lọ̀rọ̀ yìí rọrùn kí ọjọ́ tó pé. Ẹjọ́ ló máa ń dà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó kù sí ọwọ́ wa

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Àwa àgbẹ̀ náà ń ba ọ̀nà jẹ́. A ń kọ ebè títí dé ojú gọ́tà. Bí a bá ro oko tán, inú gọ́tà là ń kó koríko dà sí. A ń fi ìdí igi dí ojú ìṣàn nítorí a kò fẹ́ kí omi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, omi náà á sì gba orí ọ̀nà. Kànsù kò lè rán ènìyàn wá ṣọ́ gbogbo èyí.

Àáró àti ọ̀wẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ pín ọ̀nà náà, kí ẹni tí oko rẹ̀ bá kàn án máa ro gọ́tà iwájú oko tirẹ̀. Kí gbogbo ẹgbẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: lẹ́ẹ̀kan kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Kí ẹnì kan máa wo ẹnu kọ́fátì lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ sọ fún onílọ́rì kó dúró títí ojú ọ̀nà yóò fi fà.

Bí ihò bá yọ, ẹ má ṣe kó ewé tàbí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí i. Wọn yóò jẹrà, ihò á sì tóbi sí i. Ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀, ẹ kó ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọkọ́ gé etí rẹ̀ kí ó gún régé, kí ẹ da yangí sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi odó tàbí igi ńlá gún un títí yóò fi ga ju ojú ọ̀nà lọ díẹ̀. Ihò tí ọkùnrin méjì lè dí ní òwúrọ̀ kan lónìí, katakata ni yóò gbà lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo rọ̀ yín, ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà wà lára ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ yan àwọn tí yóò lọ sí kànsù, kí ẹ sì dá ọjọ́ àáró. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí kànsù yóò kéde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí gọ́tà rẹ̀ mọ́, tí ìwé rẹ̀ pé, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ ìjọba létí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ó dìgbà mìíràn tí a ó tún jọ sọ̀rọ̀. Irè oko wa kò ní bàjẹ́ sójú ọ̀nà o.