Ta Ni Yóò Jẹ́ Aládùúgbò Rẹ?

Ọ̀rọ̀ ìyànjú lórí yíyan àdúgbò tí a ó máa gbé, tí lèmọ́mù kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ lẹ́yìn ìrun Alásárì

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó fi ilẹ̀ ṣe ibùgbé fún wa. Ìkẹ́ àti ọ̀la Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa.



Àwọn alákòóso yín ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan tí ó wà lẹ́nu gbogbo ẹni tí ó ń múra ìgbéyàwó: níbo ni kí a máa gbé? Àwọn kan nínú yín sọ pé àwọn kò ní fi Erékùṣù Èkó sílẹ̀ láéláé, nítorí ibẹ̀ ni a ti bí àwọn. Àwọn mìíràn sọ pé ọjà ti gbé ilé mì ní Ìdúmọ̀tà àti Òkè Àrìn, pé kò sí ibi tí ọmọdé yóò ti ṣeré mọ́, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ mí èémí kí ó kọjá afárá. Ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn náà ti wù kí ó gùn tó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ó ń báni wá ilé: èló ni owó ilé?

Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tí ó gba ilé tí apá rẹ̀ kò ká, gbèsè ni ó gbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìkẹyìn ni ó yẹ kí ó jẹ́. Mẹ́rin mìíràn wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀: Ta ni yóò jẹ́ aládùúgbò mi? Níbo ni mọ́sálásí wà, níbo sì ni àwọn ọmọ mi yóò ti ké kéú? Ṣé òrùlé yìí kò ní wó lé mi lórí? Ta ni ó ni ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé?

ALÁDÙÚGBÒ NI ÀKỌ́KỌ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn Lárúbáwá máa ń sọ, pé kí ènìyàn wá aládùúgbò kí ó tó wá ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní hádíìsì, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sọ pé ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò lágbára. Ẹ má ṣe fi sí ẹnu Ànábì. Síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ bá ẹ̀sìn mu. Nínú Súrà Nisái, ẹsẹ 36, Ọlọ́hun ka aládùúgbò, èyí tí ó sún mọ́ni àti èyí tí ó jìnnà, mọ́ àwọn tí Ó pa wá láṣẹ láti ṣe dáadáa sí. Ànábì sì sọ fún wa pé Málékà Jibrílù tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi rò pé yóò di ẹni tí ń jogún. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹ wo bí a ti ṣe tẹ Èkó yìí dó. Àwọn Sáró tí ó darí dé láti Sierra Leone kó ara wọn jọ sí Ọlọ́wọ̀gbowó. Àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà dé gbé ní Pópó Àgùdà. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà wá sílé láti Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1862, àwọn ènìyàn Ọ̀ṣọ́dì Tápà tí ó bá a bọ̀ ni ó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, orúkọ àdúgbò náà sì ń sọ ìtàn wọn títí di òní. Kì í ṣe ìrísí ilé ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹni tí yóò gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n bá ké ní òru ni wọ́n wá.

Ìtàn kejì kọ́ wa ní ohun kan náà láti ọ̀nà mìíràn. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ wọ Èkó ní ọdún 1924. Ní ọdún 1928, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní LEDB láti tún ìlú ṣe. Ní ọdún 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Erékùṣù, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 70 éékà, ó sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Ilé tuntun ni wọ́n kọ́ fún wọn níbẹ̀, tí ó mọ́ tí ó sì gba afẹ́fẹ́ ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1961. Ó rí i pé ẹbí ti túká. Ìyá tí ó ń tajà ní iwájú ilé rẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́. Ọmọ tí ó ń bẹ bàbá rẹ̀ wò lójoojúmọ́ kò rí owó ọkọ̀ san. Ilé dára, ṣùgbọ́n àdúgbò ti sọnù.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò níbi tí a bí i sí. Ẹ rántí ọkùnrin tí Ànábì sọ ìtàn rẹ̀, ẹni tí ó ti pa ènìyàn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, tí ó sì pa ẹnì kan sí i. Nígbà tí ó ronú pìwà dà, onímọ̀ kan ní kí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìlú búburú ni, kí ó lọ bá àwọn ẹni rere tí ń sin Ọlọ́hun. Ìdajì ọ̀nà ni ikú bá a, síbẹ̀ a dárí jì í. Bí igbó mímu àti ìjà àwọn ọmọọ̀ta bá ti gba ojúde tí ò ń gbé, tí o sì ń bẹ̀rù fún ọmọ rẹ, kíkúrò níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

MỌ́SÁLÁSÍ ÀTI ILÉ KÉÚ

Nígbà tí Ànábì ṣí lọ sí Mọdínà, mọ́sálásí wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ọlọ́hun ti ṣe é ní ìrọ̀rùn fún wa: ìpè ìrun láti mọ́sálásí kan kò ní tíì parí kí òmíràn tó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: mélòó nínú yín tí ń gbé lẹ́yìn mọ́sálásí ni a ń rí ní ìrun Àsùbáà?

Àwọn ìdílé Banu Salima jìnnà sí mọ́sálásí Ànábì. Wọ́n fẹ́ ta ilé wọn kí wọ́n lè sún mọ́ ọn. Ànábì ní kí wọ́n dúró sí ilé wọn, nítorí gbogbo ìṣísẹ̀ wọn ni a ń kọ sílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, jíjìnnà nìkan kì í ba ẹ̀sìn jẹ́. Ohun tí ó ń bà á jẹ́ ni kí ènìyàn jìnnà kí ó má sì rìn.

Bí kò bá sì sí mọ́sálásí níbi tí o ń lọ ńkọ́? Mohammed Shitta Bey kì í ṣe ọmọ tí a bí sí Èkó. Sierra Leone ni a ti bí i. Òwò ni ó ṣe títí tí Ọlọ́hun fi bùkún un, ó sì kọ́ mọ́sálásí tí ó wà ní Martins Street, èyí tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. João da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó ṣe iṣẹ́ ilé náà. Ẹni tí ó wá bá wa gbé ni ó fi ohun tí a kò rí irú rẹ̀ rí lélẹ̀ fún wa, aládùúgbò tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ ni ó sì bá a fi ọwọ́ kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ẹ̀yìn Àjá tí ẹ sì ń ráhùn pé ibẹ̀ kò ní mọ́sálásí, ẹ rántí ìyẹn.

ÒRÙLÉ TÍ Ó WÀ LÓRÍ WA

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín, lórí ara mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin wá sọ fún mi pé òun ti rí ilé sí ẹ̀yìn Àjá, níbi tí òun yóò mú ìyàwó òun lọ. Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé ilé tí bàbá-bàbá rẹ kọ́ ni o fẹ́ fi sílẹ̀?" Kò bá mi jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ wo yàrá òkè." Nígbà tí a débẹ̀, ó ṣí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wa tí ó wà lára ògiri. Ògiri náà ti là láti òkè dé ilẹ̀, ọwọ́ mi sì wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi fúnra mi ni mo fi kàlẹ́ńdà náà bò ó. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo ń wàásù fún yín pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ inú rẹ̀, ògiri tèmi sì ti lanu.

Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní Ìta Fàájì, kò sì jìnnà sí wa. Iléèwé àwọn ọmọ kéékèèké wà lókè rẹ̀. Nǹkan bí 20 ènìyàn ni ó kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ sọ pé wọ́n ti fi àmì sí ilé náà pé kí a wó o. Ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí àwa onílé ẹbí fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tí í tún un ṣe. Nígbà tí mo pe ìpàdé ẹbí, ojúlé kọ̀ọ̀kan ní kí ojúlé kejì kọ́kọ́ mú owó wá. Ẹnjiníà tí a pè wò ó, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn sí òkè mọ́. Àwọn kan bínú sí mi nítorí owó àyágbé tí yóò dúró. A kó wọn sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ànábì kọ́ wa pé ẹni tí ó bá sùn sórí òrùlé tí kò ní ìgbátí, bí ó bá ṣubú, kò sí ẹni tí a ó dá lẹ́bi bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Tawákálítù kì í ṣe kí ènìyàn sùn sábẹ́ ògiri tí ó ti là kí ó máa pe orúkọ Ọlọ́hun.

Nítorí náà, kí o tó gba ilé, wo ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ àti òpó rẹ̀. Lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀, kí o rí ibi tí omi ń gbà. Èkó jẹ́ ìlú tí ọ̀sà àti òkun yí ká. Àwọn tí ó wà ní Èkó ní oṣù Keje ọdún 2011 mọ bí òjò ọjọ́ kan ti ṣe sọ òpópónà di odò. Bí o bá fẹ́ gbé ní òdìkejì afárá, ṣírò àkókò tí ìwọ yóò lò lọ́nà. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń lọ láti Marina sí Mile 2, tí a ṣí fún èrò ní ọdún 2023, ti mú àwọn àdúgbò kan sún mọ́ wa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

TA NI Ó NI ILẸ̀?

Ẹni tí ó bá ní agbára láti ra ilẹ̀, kí ó ṣọ́ra. Olóyè Amodu Tijani Olúwa, Mùsùlùmí bí tiwa, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Apapa dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1921, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilẹ̀ wa jẹ́ ti ẹbí àti ti ará ìlú, ìjọba kò sì lè gbà á láìsan owó tí ó tọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà. Bí ẹnì kan bá ń tà á fún ọ ní kọ̀rọ̀, olè ni ó ń bá ọ ṣòwò. Ẹ rántí Máròkò pẹ̀lú, tí ìjọba ológun fi katakata wó ní oṣù Keje ọdún 1990, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn di aláìnílé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìwà ìkà ni, ṣùgbọ́n ó tún kọ́ wa pé kí a máa bèèrè ìwé ilẹ̀.

Ilẹ̀ tí a kọ́ mọ́sálásí Ànábì lé ní Mọdínà, ọmọ òrukàn méjì ni ó ni ín. Wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, ó kọ̀, ó san owó rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ilé Ọlọ́hun, báwo ni yóò ti rí fún ilé tìrẹ?

Ẹ̀yin onílé tí ẹ wà láàárín wa, ọ̀rọ̀ kàn yín. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ilé yíyá ní ọdún 2011 kà á léèwọ̀ pé kí a gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ó yọ Apapa, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó ń gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó súnnà, kí ó má ṣe wá bá mi pé kí n ṣe àdúà àlùbáríkà sí i.

YÍYAN NÌKAN KÒ TÓ

Ọmọ mi lọ sí ẹ̀yìn Àjá. Kí ó tó san owó, ó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní alẹ́, ó sì bá àwọn tí yóò bá gbé sọ̀rọ̀. Kò sí mọ́sálásí ní àyíká náà. Òun àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìrun Mọ̀gáríbì pọ̀ ní pálọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọmọ àdúgbò ń wá ké kéú níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo lọ kí i, obìnrin Kìrìsìtẹ́nì tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà kejì ni ó gbé omi wá fún mi kí ọmọ mi tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀, ilé yín náà nìyí." Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kò fi àgbò ilé sílẹ̀. Ó gbé e lọ́wọ́ lọ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àdúgbò rere kì í hù bí olú. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó tí ó dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923 kò bá iléèwé àwọn Mùsùlùmí nílẹ̀ tó. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn. Nítorí náà, lẹ́yìn ìbéèrè mẹ́rin tí mo kà, karùn-ún wà tí ó le jù gbogbo wọn lọ: ẹni tí yóò gbé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ, ṣé yóò dúpẹ́ pé ìwọ ni ó rí?

Ọlọ́hun kí Ó fún wa ní ilé tí ó fẹ̀, aládùúgbò tí ó dára, àti ọmọ tí kò ní ta ilé tí a kọ́. Kí Ó fi àánú Rẹ̀ kẹ́ àwọn tí ilé wó lù ní ìlú yìí. Kí Ó sì ṣe ilé wa ìkẹyìn ní ilé àlùjánńà. Àmín.