Ajé Gúnlẹ̀ ní Àpápá: Ọ̀rọ̀ Ìbò fún Àwa Oníṣẹ̀ṣe

    

Ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn fún mi lónìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ṣé ó yẹ kí oníṣẹ̀ṣe dìbò? Bí yóò bá dìbò, kí ni kó fi ṣe òṣùwọ̀n? N kò wá polówó ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ohun tí mo wá sọ ni pé ìbò kì í ṣe ìfẹ́ tí a ní sí olóṣèlú. Ìjókòó wa ni níbi tí wọ́n ti ń pín ohun ìní gbogbogbòò. Ẹni tí kò bá jókòó níbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a gba ìpín rẹ̀, kò sì dájú pé yóò gbé e wálé fún un.

Ẹ wo ibi tí a wà. Ajégúnlẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Lójú àwa, Ajé kì í ṣe owó lásán; òrìṣà ni, a ń bọ ọ́, a sì fi orúkọ rẹ̀ pe ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Orúkọ àdúgbò yìí ń sọ pé Ajé ti gúnlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Òótọ́ ni pé ó gúnlẹ̀ sí tòsí wa. Ní 1926 ni wọ́n parí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá. Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can. Láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu ọ̀nà wa ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù tí Nàìjíríà ń rà nílẹ̀ òkèèrè ń gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n kí ni Ajé fi sílẹ̀ fún wa bó ti ń kọjá? Tírélà àti táńkà ni, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tò sójú ọ̀nà Wharf àti ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, títí tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ fi kó kúrò. Òjò ni, tó bá rọ̀ ní Amúkòkò tàbí Olódì-Àpápá, tí omi gọ́tà á wọ yàrá. Ajé ń sọ̀kalẹ̀ ní Àpápá, ó ń gun ọkọ̀ lọ síbòmíràn, èéfín rẹ̀ ló kù sí Ajégúnlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìbò fi kàn wá.

Mo mọ àwọn tó ní àwọn kò ní dìbò, n kò sì ní fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn kan ní wọn kì í ka ìbò wa. A rántí ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù 1993, tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá borí, tí ìjọba ológun sì fagi lé ìdìbò náà. A rántí ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé 2023, tí àjọ elétò ìdìbò INEC ṣèlérí pé gbogbo ayé yóò rí èsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ibùdó ìdìbò, tí èsì ìbò ààrẹ kò sì jáde bí wọ́n ti wí. Ọgbẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìhà kejì. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 2023 lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó jáde kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ní 2011, ó ju ìdajì lọ. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, orúkọ tó wà nínú ìwé lé ní mílíọ̀nù 7, síbẹ̀ 9,848 péré ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì nínú ìbò ààrẹ. Bí àpò bá fúyẹ́, olè kan ṣoṣo lè gbé e sá. Ìbò tó kéré ló rọrùn jù láti yí.

Nítòsí wa níbí náà, ní 2015, àwọn olùdìbò Ajeromi-Ìfẹ́lódùn rán Rita Orji, obìnrin Ìgbò, lọ sí ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá lábẹ́ ẹgbẹ́ tó ń ṣe alátakò ìjọba ìpínlẹ̀. Ní 2019, ẹlòmíràn gba ipò náà. Inú ẹnì kan lè dùn sí ti àkọ́kọ́, inú ẹlòmíràn sí ti ìkejì. Ohun tó dájú ni pé ìjókòó náà ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní àwọn olóṣèlú kò ka oníṣẹ̀ṣe sí. Bíbélì tàbí Kùránì ni wọ́n fi ń búra lójú ayé. Bó bá di òru, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn babaláwo. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sẹ́ wa. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí a ń sẹ́ lójú ọ̀sán, ojú ọ̀sán ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Ìbò sì ni ibi kan tí ohùn babaláwo àti ohùn bíṣọ́ọ̀bù ti jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kẹta, tí àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ nínú wọn, ní ilẹ̀ Yorùbá tó dá dúró ni àwọn ń fẹ́, pé ẹni tó bá dìbò ní Nàìjíríà ti fọwọ́ sí Nàìjíríà. N kò ní bá wọn jà lórí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìbéèrè mi ni pé: bí ayálégbé bá ń múra àtikó lọ sílé tirẹ̀, ṣé kò ní palẹ̀ ìdọ̀tí inú ilé tó wà títí dọjọ́ náà? Omi tó ń wọ yàrá kò ní dúró de orílẹ̀-èdè tuntun.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé àjèjì ni yíyan aláṣẹ jẹ́ sí Ìṣẹ̀ṣe. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń yan Aláàfin, Ifá a sì sọ tirẹ̀. Bí ọba bá di òǹrorò, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ tí wọ́n bá gbé fún un ti tó láti sọ fún un pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Baṣọ̀run Gáà gba agbára kíkọ ọba yìí sọ́wọ́ ara rẹ̀ nìkan, ó sì di òǹrorò tó ju ọba lọ, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé agbára yíyàn àti kíkọ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀. Nínú ìdìbò tó wáyé ní Èkó ní 1923, ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó 100 pọ́n-ùn nìkan ló lè dìbò. Apẹja kò sí níbẹ̀, onílù kò sí níbẹ̀, obìnrin kankan kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi du àwọn baba àti ìyá wa ni a fẹ́ fọwọ́ ara wa jù nù yìí.

Bí a bá gbà láti dìbò, kí ni kí a fi wọn olùdíje? Ifá ti kọ́ wa ní òṣùwọ̀n. Bí ire bá jáde lórí ọpọ́n, a kì í dákẹ́ síbẹ̀. A ó béèrè irú ire tó jẹ́. Àìkú la máa ń kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ni ajé, ọmọ àti ibùjókòó. Mo rọ̀ wá kí a to ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀, kí a sì mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ire àìkú ṣáájú. Ní oṣù Òkúdù 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Èkó. Omi ìdọ̀tí ni ọ̀nà rẹ̀. Ìwé òfin 1999 fi gọ́tà àdúgbò, ọjà, ìdọ̀tí kíkó àti itẹ́ òkú sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà. Síbẹ̀, nígbà tí Èkó dìbò káńsù ní ọjọ́ 12 oṣù Agẹmọ 2025, ibùdó ìdìbò púpọ̀ dá páropáro. Káńsù Àpápá, Àpápá-Ìgànmú, Ajeromi-Ìfẹ́lódùn àti Ìfẹ́lódùn ló sún mọ́ gọ́tà wa jù, àwọn la sì ń fojú fò.

Ire ajé tẹ̀ lé e. Ìjọba àpapọ̀ ló ni èbúté, òun ló ni ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, òun ló ni ọ̀rọ̀ epo àti owó náírà. Ní 2021, wọ́n gbé ìlànà Eto jáde kí ọkọ̀ ẹrù má bàa wọ èbúté láìjẹ́ pé a pè é. Ní 2023, wọ́n ṣí èbúté Lekki. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń yà sí Lekki, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí alábàárù, awakọ̀ àti ìyá olóúnjẹ tí Àpápá ń bọ́? Ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ, sẹ́nétọ̀ tàbí aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ dáhùn ìyẹn kó tó béèrè ìbò ní Ajégúnlẹ̀.

Ire ọmọ àti ire ibùjókòó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ jù. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà ojúbọ tàbí igbó òrìṣà tí kò bá ní ìwé lè di ilé ìtajà lọ́la. Ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ ọmọ wa ní ẹ̀sìn méjì, wọn kò kọ́ ọ ní ti baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ abala 38 ìwé òfin fún gbogbo wa ní òmìnira ẹ̀sìn. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tí ìjọba Èkó fún wa ní ìsinmi fún ní 2023 dára, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó tó kí ẹnì kan sọ ọ́ láàárín wa: ọjọ́ ìsinmi kọ́ ni ire àkọ́kọ́. Olùdíje tó bá fún wa ní ọjọ́ kan nínú ọdún, tó wá fi ọjọ́ 364 tó kù sínú àbàtà, kò tíì bọ̀wọ̀ fún Ìṣẹ̀ṣe. Odò Ọ̀ṣun pàápàá, tí igbó rẹ̀ ní Òṣogbo wọ ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ti di ẹrẹ̀ nítorí ìwakùsà, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń fún awakùsà láṣẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló wúwo jù fún mi. Lásìkò ìdìbò gómìnà ọjọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà 2023, ìròyìn àti fídíò tàn kálẹ̀ pé wọ́n ń gbé Orò ní àwọn ibì kan ní Èkó kí àwọn ènìyàn má bàa jáde dìbò. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí láyè. Ìlú ló ni Orò. Láti lé ibi jáde nílùú ni àwọn baba wa ṣe ń gbé e. Ẹni tó bá fi í dẹ́rù ba aládùúgbò rẹ̀ tó fẹ́ dìbò ti sọ àwo ìlú di pátákó ìpolówó ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní Ajégúnlẹ̀ yìí, Ìjọ, Urhobo, Ìgbò, Ìlàjẹ àti Haúsá ń bá wa fa omi nínú kànga kan. Omi gọ́tà tó wọ yàrá tiwa wọ tiwọn. Bí a bá lé wọn nílé lọ́jọ́ ìbò, àwọn tí ì bá bá wa béèrè gọ́tà la lé.

Nítorí náà, mo bẹ̀ wá kí a fi ohun mẹ́ta ṣe èèwọ̀ láàárín wa. Kí ojúbọ kankan má ṣe yá ẹgbẹ́ òṣèlú ní Orò, Egúngún tàbí òrìṣà láti dẹ́rù ba olùdìbò. Kí awo kankan má ṣe mú ẹni tó ta ìbò rẹ̀ búra. Òfin ìdìbò ka rírà àti títà ìbò sí ẹ̀ṣẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi òrìṣà ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kéde pé Ifá yan ẹgbẹ́ báyìí. Ẹ dífá lórí ìgbésẹ̀ yín, ẹ béèrè ohun tí orí yín fẹ́; ṣùgbọ́n Ifá kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Lẹ́yìn èèwọ̀, iṣẹ́ wà. Kí olúkúlùkù wo káàdì ìdìbò alálòpẹ́ rẹ̀ bóyá ibi tó ń gbé ló wà fún. Kí a kọ ìbéèrè wa sílẹ̀ lórí àìkú, ajé, ọmọ àti ibùjókòó, kí a mú un tọ olùdíje lọ lójú ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ wa lọ́rùn, kí a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó tó nínú wọn, kí a yan ẹni tí a lè bá wí. Lẹ́yìn ìbò, kí a padà lọ bá a pẹ̀lú ìwé ìdáhùn náà. Aláṣẹ tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń kà á lójú kì í bẹ̀rù.

Ajé ti gúnlẹ̀ nítòsí. Kó tó wọlé, a gbọ́dọ̀ jókòó níbi ìpín.

Ire àìkú, ire ajé, ire ọmọ, ire ibùjókòó, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ tiwa. Àṣẹ.