Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́ nínú Iṣẹ́ Ìwádìí



Ìwádìí tí kì í ṣírò iye, tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni ó ń gbà sílẹ̀, orí kí ni ó dúró lé? Ní 1986, Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá kan là yé wọn. Àlàyé àwọn àgbà náà le. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí a sọ fún un, ìgbàgbọ́ lásán ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ ohun tí èmi àti ẹgbẹ́ mi ń pè ní ìmọ̀.

Ẹ sì kíyè sí i pé rírí nìkan kò tó. Tímì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba ní ìlú Ẹdẹ láti 1946 di 1975, mọ ìlù lù, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹ̀rọ lè wọn ìró dùndún láìṣìnà, ṣùgbọ́n ìró kan náà a máa bá gbólóhùn púpọ̀ mu. Ẹni tí ó bá mọ oríkì ẹni tí à ń lùlù fún ni yóò gbọ́ ohun tí ìlù wí.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kó ọ̀rọ̀ dé láti oko ìwádìí, ìbéèrè mi kò ju mẹ́ta lọ: Èwo ni o rí? Èwo ni wọ́n sọ fún ọ? Ǹjẹ́ o padà lọ bi wọ́n bóyá bí o ti gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe sọ ọ́?