Ìrìn Òwúrọ̀, Ẹrù Inú Ilé àti Ìwé Tí À Ń Kà: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́

Akápò ti ka ìṣirò owó fún yín, a ò ní tún un kà. Ohun tí wọ́n ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ lé lórí ni nǹkan mẹ́ta tí a dá sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí: ìrìn òwúrọ̀, kíkó ẹrù ilé jáde, àti ìwé kíkà. Àwọn kan ń bèèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ìwọ̀nyí. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí a pa ti ìwé kíkà tì, nítorí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ikú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá kan nínú wa, ẹni tí kì í pẹ́ dé ìpàdé, ṣubú sídìí ọjà rẹ̀, apá kan kò gbé mọ́. Kí oṣù tó parí, a ti sin ín. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wa ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ wa ló kọjá 140 lórí 90 tí a kò sì mọ̀. Ẹni tó jókòó sídìí ọjà láti aago méje àárọ̀ títí di aago méje alẹ́, tó gun ọ̀kadà lọ, tó gun ọ̀kadà bọ̀, ibo ni yóò ti rìn? Nọ́ọ̀sì ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú ó kéré tán lọ́sẹ̀. Bí a bá pín in, ìrìn kánkán fún 30 ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Ó sì kìlọ̀ pé ìrìn kò rọ́pò oògùn o. Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn, kó máa lò ó.

Oṣù kẹjọ la bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀, tí oòrùn kì í mú, tí àwọn ọmọ sì wà nílé fún ìsinmi gígùn. Aago márùn-ún àbọ̀ là ń jáde, láti Mólétè dé Challenge, kí mọ́tò tó pọ̀ lójú títì. Ẹ̀yin ọkọ wa ẹ rántí, àwọn kan nínú yín rò pé ẹgbẹ́ aládùúrà tuntun ni. Àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé wa, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé à ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. A gbà bẹ́ẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ń dé ibi tó ń lọ.

Bí a ṣe ń yà pe ara wa lójú ọ̀nà la bẹ̀rẹ̀ sí í rí inú ilé ara wa. Bí àlejò bá fẹ́ wá lọ́sàn-án, a ó ti gbálẹ̀ pálọ̀, a ó ti ti ẹrù wọ yàrá. Aago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀ kò fún ẹnikẹ́ni láyè irú ìyẹn! Abọ́ oníke tí wọ́n pín lóde ìnáwó, tí àwòrán olóògbé ṣì wà lára rẹ̀. Kúlà tí kò ní ìdérí. Tẹlifíṣọ̀n aláyà bàǹbà tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Aṣọ ẹbí tí kò gba ni mọ́. Páálí lórí páálí. Bí a bá bi onílé, gbólóhùn kan náà ni: "Ẹ fi sílẹ̀, ó máa wúlò lọ́jọ́ kan." Ìyá wa kan fẹsẹ̀ kọ jẹnẹrétọ̀ tó ti kú látọjọ́ pípẹ́, lóru ọjọ́ tí iná lọ, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Oṣù méjì ni kò fi lè gbé ọjà.

Ṣùgbọ́n èyí tó kan ẹgbẹ́ jù ni òkú ọjà. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ ọ́n. Ọjà tí a fi owó ẹ̀yáwó rà, tí ìgbà rẹ̀ kọjá, tí ojú ń ti wá láti tà á ní ẹ̀dínwó, tí a wá gbé e wálé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó ẹgbẹ́ ló sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, èlé sì ń gorí rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa, a ò ní dárúkọ, ti ń sá fún akápò fún ọ̀pọ̀ oṣù, bẹ́ẹ̀ ni léèsì tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá kún inú yàrá rẹ̀ dé òrùlé. A bá a kó o jáde, a fi lu gbàǹjo ní Sátidé méjì. Kò jèrè, ìyẹn ò ṣòro láti sọ. Ṣùgbọ́n ó san gbèsè rẹ̀ tán, ó sì ti tún yá òmíràn. Látìgbà náà la ti ń bá ara wa kó ẹrù, ilé kan lóṣù kan. Àwọn oníkóńdẹ̀mù gbé irin lọ, a pín abọ́ fún ẹni tó nílò rẹ̀. A kì í fipá mú ẹnikẹ́ni. Òfì tí ìyá ẹni fi sílẹ̀ lọ kì í ṣe pàǹtí, ẹni tó bá sọ pé pàǹtí ni kò mọ nǹkan kan.

Inú páálí wọ̀nyí náà ni ìwé ti jáde. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, tí èèpo rẹ̀ ti ya, àti ìwé tí àwọn ọmọ wa kà ní sẹ́kọ́ńdírì. Oníkóńdẹ̀mù kò ra ìwé, ẹlẹ́pà ló fẹ́ rà á. Ọmọbìnrin kan ló mú ọ̀kan níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí a ṣe ń kó ẹrù, ni ọwọ́ gbogbo wa bá dúró. Ìwé eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970. Ẹ sì rántí pé ère Ìyálóde yìí ni wọ́n gbé sí oríta Challenge, ibi tí à ń rìn dé. A ti ń kọjá lára rẹ̀ láìbi í ní ìbéèrè kankan.

Lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ Sátidé la wá ń kà á. Àwọn ọmọ ń kà, àwa ń gbọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo wa ló lọ sílé ìwé. Nínú eré náà, ìkà paraku ni Ìyálóde: ó ń pa ẹrú tó bá lóyún, níkẹyìn ó gbé májèlé jẹ. Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Ìdajì ní ó tọ́ sí i. Ìdajì ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn torí pé ó lówó, kò sì lọ́kọ tó ń gbèjà rẹ̀. Ọmọ wa kan tó wà ní yunifásítì bá gbé ìwé ìtàn Samuel Johnson wá, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Níbẹ̀ la ti gbọ́ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀. A gbọ́ pé ó máa ń fún àwọn jagunjagun ní ohun ìjà láwìn. A gbọ́ pé ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi oúnjẹ ránṣẹ́, kò sì wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Ọdún 1874 ni wọ́n yọ ọ́ lóyè, ọdún náà ni àwọn ẹrú ilé rẹ̀ pa á, láti ọwọ́ ẹni tó ti ń jẹun nílé rẹ̀. Kò sí májèlé níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà dé ibi àwìn, gbogbo ilé dákẹ́. Ta ni kò tíì tàwìn fún alágbára rí nínú wa? Ṣùgbọ́n ìyá kan dìde, ó ní bó ti wù kó rí, ó ní ẹrú, ẹrú náà sì ní ìyá. Òtítọ́ ni, a kò rí ìdáhùn sí i. Títí di òní, àwọn méjì kan kò tíì kí ara wọn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń sọ pé a kò ní pa á tì. Látìgbà tí ẹgbẹ́ yìí ti wà, owó nìkan la máa ń bá ara wa jà lé lórí. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a jà lórí bí wọ́n ṣe kọ ìtàn obìnrin ọlọ́jà. Ó sì ti mú kí àwọn mẹ́rin nínú wa lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i.

Ìwé tó kàn ni Ó Le Kú, Ìṣọ̀lá náà ló kọ ọ́, 1974 ló jáde. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti àfẹ́sọ́nà ni, nítorí náà ẹ̀yin ọkọ wa náà lè wá. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú páálí nílé, kó bá wa wá a jáde. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, kó mú awò rẹ̀ lọ́wọ́. Kí oníkálukú gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá, nítorí àga tó wà nílẹ̀ kò tó wa mọ́.