Òtútù Lára Ọmọ Tuntun

Bí ẹnìkan bá wí ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà pé òtútù pa ènìyàn, àwọn tí ó gbọ́ yóò rò pé ìlú òyìnbó ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru pẹ̀lú, pàápàá sí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Inú ooru ni ó ti jáde wá. Omi wà lára rẹ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tàbí lẹ́yìn òjò ńlá, ooru ara rẹ̀ a máa lọ kíákíá. Èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, tàbí tí kò tó kílò méjì ààbọ̀, ni òtútù tètè ń mú jù.

Ìgbóná ara ọmọ tuntun yẹ kí ó wà láàrin 36.5 sí 37.5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Bí ó bá lọ sí ìsàlẹ̀ 32, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu ńlá. Ilé tí kò ní òṣùwọ̀n ní ẹ̀yìn ọwọ́. Kí ìyá fi kan ẹsẹ̀ àti ikùn ọmọ. Bí ẹsẹ̀ nìkan bá tutù, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Bí ikùn pàápàá bá tutù, ó ti wọra. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fa ọmú dáadáa, igbe rẹ̀ kì í dún sókè. Àwọn ará ilé a sì máa yìn ín pé ọmọ jẹ́ẹ́ ni, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu!

Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ wà lára ohun tí ń fà á. Àwọn ìyá àgbà fẹ́ kí wọ́n fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ ọmọ lójú ẹsẹ̀, kí ara rẹ̀ má baà rùn bí ó bá dàgbà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ìwẹ̀ náà dúró fún wákàtí 24. Kànìnkànìn kò ní sá lọ.

Bí òtútù bá ti mú ọmọ, kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù kúrò, kí wọ́n nu ún gbẹ, orí rẹ̀ pàápàá, kí wọ́n sì dé e ní fìlà. Kí ìyá gbé e ní ìhòòhò sí àyà rẹ̀, ara kan ara, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ di àwọn méjèèjì pọ̀, kí ó sì máa fún un ní ọmú. Ní 1978, ní ìlú Bogotá ní Kòlóḿbíà, Dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké báyìí, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ gbóná kò kárí. Ohun tí obìnrin Yorùbá ń fi ẹ̀yìn ṣe, àyà ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí a tì pa; èéfín rẹ̀ lè pa ìyá àti ọmọ. Ìgò omi gbígbóná a sì máa bó ọmọ lára.

Lẹ́yìn wákàtí kan, kí ìyá tún fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àti ikùn náà. Bí wọ́n bá ṣì tutù, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú, ó lè jẹ́ pé àìsàn mìíràn wà lára rẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tí ó súnmọ́ wọn, irú èyí tí í ṣe Wesley Guild ní Iléṣà, láìdúró di ojúmọ́. Kí ọmọ má sì kúrò ní àyà ìyá rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dé ibẹ̀.