Jíà Tó Ń Le Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí jíà ọkọ̀ àtijọ́ bá ń le, ìgbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́ nígbà náà, àmọ́ tó ń ké tàbí tó ń kọ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán. Wáyà rẹ̀ lè ti dẹ̀. Bó bá jẹ́ oní-ọ́ìlì, ó lè máa jò tàbí kí afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Owó kékeré ni àtúnṣe èyí, síbẹ̀ àwọn mẹkáníìkì kan á ti sọ jíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀!

Bó bá le nígbà méjèèjì, ó sábà máa ń jẹ́ pé oríkèé àwọn ọ̀pá jíà ló ti gbẹ tàbí jẹ.

Èyí tó ń le láàárọ̀ nìkan, ọ́ìlì rẹ̀ ló nípọn jù. Ọ́ìlì GL-4 ló bá ọ̀pọ̀ jíà bọ́ọ̀sì àtijọ́ mu. Ọ́ìlì GL-5 kan lè ba òrùka idẹ inú jíà bọ́ọ̀sì jẹ́, èyí tó ń mú kí eré àwọn jíà dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Bó bá jẹ́ jíà kan péré ló ń ké, pàápàá jíà kejì, òrùka yìí ló ti jẹ tán. Ibẹ̀ ni títú jíà bọ́ọ̀sì ti di dandan.