Eré Tí Ó Ń Mú Ìpàdé Orí Fóònù Dùn

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka, tí a sì ní kí a tẹ̀ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn tí kò lè gbọ́ ọ)

  

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí a bá yín sọ ní òní, ọ̀rọ̀ eré ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú, kí ó ní, "Ṣé àgbààgbà ni yóò wá jókòó máa ṣeré?" Lóòótọ́ ọmọdé ni ó ni eré, ṣùgbọ́n àgbà tí kì í bá ọmọdé ṣeré kì yóò mọ ohun tí ó wà nínú ọmọdé. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe eré lásán ni ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan ni ó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Nígbà tí reélùwéè dé Kánò ní ọdún 1911, tí àwọn bàbá wa ń bá a gòkè wá sí ilẹ̀ Haúsá, Sábọ̀n Gàrí ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, ògiri ẹnìkan kan ti ẹnìkejì. Bí ẹnìkan kò bá yọjú sí ìpàdé, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni méjì yóò ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní òní, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ ẹ̀ka wa kan wà ní Kàdúná, òmíràn wà ní Zaria, òmíràn ń ṣòwò ní Gúsáù, òmíràn sì ti kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Mínà. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, tí ìjọba ní kí onílé gbélé, a kó ìpàdé wa lọ sí orí fóònù. Àrùn náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpàdé orí fóònù kò lọ, nítorí owó ọkọ̀ ti wọ́n, ojú ọ̀nà kò sì fi ọkàn balẹ̀. A dúpẹ́ pé fóònù wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: ìpàdé náà gbẹ. Akọ̀wé a ka orúkọ, oníkálukú a ní "Mo wà ńbẹ̀." A ó ka ìwé ìpàdé tí ó kọjá, a ó dé orí owó oṣù, àríyànjiyàn a sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a pa àwòrán tiwọn, wọn a gbé fóònù sí orí àga, wọn a bá tiwọn lọ. Ìpàdé a parí, kò sí ẹni tí ó mọ bí ẹnìkejì ti jí.

Ibẹ̀ ni a wà tí àìsàn fi dá ọ̀kan nínú wa wó. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́. Ìpàdé mẹ́ta gbáko ni ó fi dáhùn orúkọ rẹ̀ láti orí ibùsùn, òun nìkan nínú yàrá, nílùú tí kò ní ìbátan kan sí. "Mo wà ńbẹ̀," yóò sì dákẹ́. Kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àwa náà kò sì bèèrè. Ọjọ́ tí ọmọ onílé rẹ̀ gbé fóònù náà tí ó bá wa sọ̀rọ̀ ni a tó mọ̀. A dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá, ó sì ń gbọ́ wa nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ojú tì wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wá sí ìpàdé. Orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, òun fúnra rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí a ń wá ọgbọ́n tí a ó dá, ọmọ wa obìnrin kan ni ó la ọ̀nà yìí fún wa. Ọmọ náà ń ti inú yàrá bàbá rẹ̀ níhìn-ín ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan ní Èkó, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò fojú kan ara wa rí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá wa tó mẹ́nu ba iṣẹ́, ó máa ń fi eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣíwájú. Inú eré yẹn ni mo ti mọ ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín mọ́." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí. Láti ìgbà náà ni a ti ń dán eré wò ní ẹ̀ka wa. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ni a fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ̀ka mìíràn lè mú lò.

Èkínní ni àlọ́ àpamọ̀. Kò sí eré tí ó bá fóònù mu tó o, nítorí ohùn nìkan ni ó ń fẹ́. Ẹni tí kò ní owó dátà láti fi àwòrán rẹ̀ hàn lè ṣe é. A pín ara wa sí ọ̀nà méjì, a sì rí i pé àgbà àti ọmọdé wà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan a ní "Àlọ́ o!", gbogbo wa a ní "Àlọ̀!" Òun a wá pa á: òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ọmọ tí ó bá ti wọ ilé ìdáná rí yóò mọ̀ pé orógùn ni. A ti ń pa tuntun pẹ̀lú. Èyí ni ọ̀kan nínú tiwa: ilé kan, yàrá ogún, onílé kọ̀ọ̀kan yọ orí lójú fèrèsé, kò sí ẹni tí ó lè bọ ẹnìkejì lọ́wọ́. Kí ni o? Ìpàdé wa yìí ni!

Èkejì ni òwe alábọ̀. Àgbà kan a pa òwe dé ìdajì, ọmọdé a parí rẹ̀. Bí àgbà bá ní, "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà," ọmọdé a ní, "kò lè ní àkísà bí àgbà." Kò tán síbẹ̀ o. Ọmọ náà yóò sọ ibi tí a ti lè lo òwe náà. Bí òun náà bá fẹ́ pa tirẹ̀, yóò kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, yóò ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o," àwọn àgbà a sì dáhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ Haúsá, tí ó ń sọ Haúsá lójú pópó, tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, níbo ni yóò ti gbọ́ èyí bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa?

Ẹ̀kẹta ni òtítọ́ méjì, irọ́ kan. Oníkálukú yóò sọ ohun mẹ́ta nípa ara rẹ̀. Méjì yóò jẹ́ òtítọ́, ọ̀kan yóò jẹ́ irọ́, àwa yòókù a sì wá irọ́ náà jáde. Bàbá kan láàrin wa ní òun ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kánò dé Ìdó rí, pé òun mọ aṣọ ọkùnrin rán, pé òun ti ṣọ́ ojúlé rí nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Gbogbo wa ni a pariwo pé bọ́ọ̀lù ni irọ́. Irọ́ ni ti aṣọ rírán! Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń san owó oṣù pẹ̀lú bàbá yìí, a kò mọ̀ pé ó ti fò mú bọ́ọ̀lù rí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń pè é fún ìtàn. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀: a kò gbọdọ̀ fi owó, ọ̀rọ̀ tọkọtaya tàbí àìrọ́mọbí ṣe eré yìí. Ohun tí ó ń dun ènìyàn kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Ẹ̀kẹrin ni "Ẹ lọ mú un wá." Adarí eré yóò ní kí a lọ mú ohun kan wá nínú ilé: ohun tí ó dàgbà jù wá lọ, tàbí ohun tí a gbé láti ilé wá. Yóò ka ení títí dé ọgbọ̀n. Ẹni tí ó bá padà dé yóò fi hàn, yóò sì sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ọmọ ni ó máa ń sáré jù. Ní ọjọ́ kan, ìyá wa kan kò sáré. Ó pẹ́ kí ó tó padà. Nígbà tí ó dé, páálí kékeré kan ni ó gbé sí ojú fóònù, tíkẹ́ẹ̀tì reélùwéè tí ọkọ rẹ̀ tí ó ti dolóògbé fi wá sí òkè níhìn-ín. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó bá a di fóònù mú. Gbogbo wa gbọ́ nígbà tí ọmọ náà bèèrè pé, "Ìyá àgbà, kí ló dé tí bàbá fi wá?" Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, kò bèèrè rí. Kò sí ẹni tí ó rántí owó oṣù ní ọjọ́ náà, títí ìyá fi sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀karùn-ún ni iye kíkà. Adarí a pe iye kan, ọmọ a sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ó bá ní 37, ọmọ a ní mẹ́tàdínlógójì. Bí ó bá ní 45, ọmọ a ní márùndínláàádọ́ta. Yóò sì sọ bí ó ti rí i: pé 40 ni a yọ 3 kúrò nínú rẹ̀, pé 50 ni a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má rò pé ọmọdé nìkan ni ó ń ṣubú níbẹ̀. Àwa àgbà pẹ̀lú ti ṣubú, àwọn ọmọ sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Ẹ̀kẹfà ni ayò, èyí tí a máa ń fi sí ẹ̀yìn ìpàdé. Ẹni méjì tí ó wà ní ìlú méjì yóò gbé ọpọ́n kọ̀ọ̀kan síwájú, ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. A ó fi iye pe àwọn ilé mẹ́fà tí ó wà níwájú ẹnìkọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 6. Bí ará Kàdúná bá ní, "Mo ta ilé kẹta," yóò ta á lórí ọpọ́n rẹ̀, ará Mínà yóò sì ta á bákan náà lórí ti tirẹ̀. Nígbàkígbà, ohun tí ó wà lórí ọpọ́n àti ohun tí a ti jẹ gbọdọ̀ pé 48 ní ìhà méjèèjì. Bí kò bá pé, ẹnìkan ti ṣì í tà. Òpè kò lè sọ pé òun kò gbọ́, nítorí àwọn òǹwòran ń gbọ́.

Nísinsìnyí, a fẹ́ fi ìlànà díẹ̀ lé e. Kí eré má ṣe ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ṣáájú ìpàdé, nítorí Zoom tí a kò sanwó fún a máa gé ìpàdé ní ìṣẹ́jú 40. Kí adarí máa dárúkọ ẹni tí ó kàn, nítorí bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí fóònù, a kì í gbọ́ ẹyọ kan. Kí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ pa ohùn fóònù tirẹ̀. Kí a má ṣe fi ìpàdé sí àkókò ìrun tàbí àkókò ìsìn ọjọ́ Àìkú. Kí ẹni tí ó ní fóònù ńlá pe aládùúgbò tí kò ní in wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí a má ṣe fi owó sí eré kankan, kí ó má baà di tẹ́tẹ́. Kí a má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣeré, kí ó kí wa, kí ó sì máa wòran.

Kí a má tan ara wa jẹ o. Eré kì í wo àìsàn, eré kì í san owó ilé ìwé ọmọ. Àríyànjiyàn owó oṣù kò tíì tán láàrin wa, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti pa àlọ́ fún wa, a mọ ohùn rẹ̀. Bí ohùn náà bá yí padà, a ó mọ̀. Nítorí náà, akọ̀wé wa kì í gba "Mo wà ńbẹ̀" mọ́. Oníkálukú yóò sọ ohun kan tí ojú rẹ̀ rí láàrin oṣù. Ẹni tí kò bá dá sí eré ní ìpàdé méjì tẹ̀léra, ìgbìmọ̀ yóò pè é lọ́tọ̀, ẹni tí ó bá sì sún mọ́ ọn jù yóò lọ fi ojú rí i ní ilé rẹ̀. Ìpinnu ẹ̀ka ni èyí, a sì bẹ ẹ̀yin ẹ̀ka yòókù kí ẹ dán an wò.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú àlọ́ kan lọ́wọ́, kí ó sì pe ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Kí Ọlọ́run kí ó dá ẹ̀mí wa sí, kí a má fi àjò ṣe ilé àìmọra. Ire o.